Ó Fa Máàkì Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Wálẹ̀ Kó Má Baà Fi Jos Sílẹ̀

Ẹ má tíì bú Olúrẹ̀mí o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀ ná, kí ẹni tó bá wá fẹ́ bú u bú u. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Mo ní, "Ṣé kí n pa orúkọ rẹ dà?" Ó ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, àwọn tí ojú ń ti òun níwájú wọn ti gbọ́ tán.

Àdúgbò Anglo Jos nílùú Jos ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Olùkọ́ ni bàbá náà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí ìjọba gbé wá sí Plateau nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ palẹ̀ mọ́, wọ́n gba ilé lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n Olúrẹ̀mí ti fọ́n ká, kálukú ti wà nílé ọkọ tàbí lọ́dọ̀ aya. Àbíkẹ́yìn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé ńlá náà, kó máa bá wọn ṣọ́ ọ. Ó gbé kọ̀m̀pútà àti tẹlifíṣọ̀n sí pálọ̀, ó sọ ibẹ̀ di ilé géèmù bọ́ọ̀lù.

Lọ́sàn-án, ariwo àwọn ọ̀dọ́ kì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti túká, ilé á pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì rí òtútù Jos lásìkò ọyẹ́, ẹ máa dúpẹ́. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé yẹn, inú ẹyọ kan ló ń sùn, ó ti gbogbo ìyókù pa.

Ẹnìkan ni kì í bá wọn túká. Qasim ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àlàájà Safiyyah, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ládùúgbò Angwan Rukuba. Òun àti Olúrẹ̀mí jọ ṣe ilé ìwé ni. Bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, ilé Rẹ̀mí ló ń bọ̀ tààrà, pẹ̀lú ike máásà lọ́wọ́, àkàrà ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ máa ń dín. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun, wọ́n á fi Hausa bú ara wọn, wọ́n á fi Yorùbá parí ìjà.

Bàbá Rẹ̀mí máa ń pè é láti Ìkẹ́rẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Ìbéèrè kan náà ni baba ń bi í: "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Qasim ni, sà."

Ìyá rẹ̀ á wá pariwo láti ẹ̀yìn: "Bá mi kí Qasim o!"

Ọkàn wọn á balẹ̀. Ọmọ wọn ò dá wà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ìdí máàkì.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù mọ̀ pé máàkì kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ju ẹnìkejì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n kàn ń ro eré sísá pọ̀ mọ́ páàsì, mọ́ gígé ọ̀tá kọjá, mọ́ ìyókù, wọ́n á sì pín in dọ́gba-dọ́gba. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ni wọ́n ń fi sí i. Ata wọ inú ọbẹ̀, iyọ̀ náà wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bu iyọ̀ bó ṣe bu ata? Bí aṣọ́lé ò bá lè sáré, kí ló kàn án? Ṣùgbọ́n wíńgì, ẹni tó ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí kò bá lè sáré, kó lọ jókòó. Nítorí náà, ipò tí èèyàn ń gbá ló ń sọ èwo nínú àwọn máàkì rẹ̀ ni yóò wúwo.

Olúrẹ̀mí mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ó kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wọ inú géèmù, tojú timú wọn. Kóòṣì Matthias, ọmọ Bukuru, ló kọ́kọ́ rí ìlò rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà ti rí màbo. Bó bá mú ẹni yìí wọ pápá, wọ́n á ní torí ẹ̀yà ni. Bó bá mú tọ̀hún, wọ́n á ní torí ìsìn ni. Ti Gideon ló wá burú jù, torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n kóòṣì ni. Ọmọ náà ò lè fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kí ẹnìkan má kùn.

Lọ́jọ́ kan kóòṣì ní, "Ó tó. Máàkì ni yóò máa yàn. Máàkì ò ní ẹ̀yà. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí."

Gbogbo wọn gbà. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbangba ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tó tọ́ sí olúkúlùkù, títí wọn á fi fẹnu kò. Olúrẹ̀mí á wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀m̀pútà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti pín ìwọ̀n. Fún wíńgì, nínú ìpín mẹ́wàá, eré sísá gba mẹ́ta, gígé gba mẹ́ta, páàsì gba méjì, gbígbá sílé gba kan, gbígba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá gba kan. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bèèrè ìwọ̀n mọ́. Àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Tó bá di Sátidé, wọ́n á wá ya fọ́tò máàkì wọn lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbé e sórí Wásáàpù, wọ́n á máa fi yan fanda.

Máàkì Qasim jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Òun ló ga jù nínú àwọn wíńgì. Gideon ló tẹ̀lé e, pẹ̀lú méjìléláàdọ́rin. Qasim ò mọ bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni o, máàkì mọ́kànlélógójì péré ni wọ́n fún un níbẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ìpín kan ló kan ìyẹn nínú mẹ́wàá, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí kóòṣì mú ìròyìn dé.

Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń wá wíńgì kan. Ọ̀gbẹ́ni Adéfúnmi, tó ń bá wọn ṣa àwọn ọmọ, ti gbọ́ nípa máàkì Jos. Ó ní wíńgì tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ní Sátidé ni kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Qasim fò sókè. "Rẹ̀mí! Abẹ́òkúta! Wallahi, mo ti lọ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olúrẹ̀mí náà rẹ́rìn-ín. Ó ní gbólóhùn "mo ti lọ" yẹn ò kúrò létí òun títí dòní.

Bí àwọn yòókù ṣe ń jáde, Qasim fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

"Sọ ọ́ kẹ̀."

"Hákúrí, ṣe sùúrù. Jẹ́ kó dájú ná. Wàá gbọ́ ní Sátidé."

Kí ni èèyàn lè pa mọ́ di ọjọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, bí kò ṣe ó dìgbóṣe? Bí Olúrẹ̀mí ṣe rò ó nìyẹn. Kò bèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí Sọ́ńdè yóò ṣe rí, ohun tí òun yóò sọ fún bàbá òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, wọ́n kírun tán, Qasim ò yọjú. Olúrẹ̀mí jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ike máásà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lórí tábìlì, ó ti fọ̀ ọ́. Kò tíì sí Jímọ̀ kan tó rí báyìí rí. Ó sọ fún mi pé ṣe ni òun ń rí gbogbo Jímọ̀ tó ṣì ń bọ̀, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn láìsí Qasim. Ó sunkún. Géńdé ọkùnrin, lọ́sàn-án gangan!

Ìgbà náà ló ṣí kọ̀m̀pútà.

Kò fọwọ́ kan máàkì Qasim o, ó ní kí n rí i pé mo kọ ìyẹn. Ṣé ẹ rí bí èṣù ṣe ń fọgbọ́n wọlé? Ìwọ̀n ló fọwọ́ kàn. Ó yọ ìpín kan nínú eré sísá, ó yọ ọ̀kan nínú gígé, ó kó méjèèjì lé gbígba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá. Ohun tó ń gba ìpín kan wá ń gba mẹ́ta. Mọ́kànlélógójì Qasim tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ wá di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin já wálẹ̀, ó di méjìdínláàdọ́rin. Gideon, tó mọ bọ́ọ̀lù gbà dáadáa, gun òkè díẹ̀, ó di mẹ́tàléláàdọ́rin.

"Wíńgì òde òní gbọ́dọ̀ lè gba bọ́ọ̀lù padà," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì pariwo ọ̀rọ̀ náà nínú ilé tí kò ti sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. "Bí ọkùnrin yẹn bá ti mú Gideon lọ, màá dá ìwọ̀n padà sí bó ṣe wà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Olúrẹ̀mí ò tiẹ̀ lo ogún wákàtí.

Láàárọ̀ Sátidé, pálọ̀ kún fọ́fọ́. Kóòṣì Matthias wà níbẹ̀, fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi orúkọ ránṣẹ́. Qasim dé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó na ọwọ́ sí Rẹ̀mí láti òkèèrè, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ó ti dájú o!" Olúrẹ̀mí ò lè wò ó lójú. Ó tan tẹlifíṣọ̀n.

Mẹ́tàléláàdọ́rin yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Gideon, méjìdínláàdọ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Qasim.

"Ó ti bàjẹ́ ni?" Qasim bèèrè. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rẹ̀mí, kọ̀m̀pútà ẹ ti bàjẹ́?"

Olúrẹ̀mí ní, "Kò bàjẹ́."

Kóòṣì wo máàkì náà títí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Toh," ó ní. "A ti ní máàkì ni yóò máa yàn. Gideon ni."

Bàdírù, aṣọ́lé wọn, ló kọ́kọ́ figbe ta. Ẹlẹ́nu bí abẹ ni Bàdírù. "Kai! Ọmọ ẹ̀gbọ́n kóòṣì! Ẹ ti gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Ohun tí wọn ò rí fi ẹnu ṣe, wọ́n ti fi kọ̀m̀pútà ṣe é!"

"Èmi?" Matthias fò dìde. "Bàdírù, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kan kọ̀m̀pútà yìí rí láyé mi!"

"Ẹ máa bọ̀ jàre!"

Ariwo ta. Wọ́n dìde sí kóòṣì lápá ọ̀tún, wọ́n dìde sí i lápá òsì. Olúrẹ̀mí sì jókòó síbẹ̀, ó rí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀gbin lọ̀, ó panu mọ́. Ó ní ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń dun òun ju ti kọ̀m̀pútà lọ. Ó sì yẹ kó dùn ún!

Gideon ló gbà wọ́n sílẹ̀. Òun tí wọ́n gbé ire lé lọ́wọ́ ló dìde tó gbé fóònù rẹ̀ sókè.

"Ẹ dákẹ́, ẹ wò ó. Fọ́tò Sátidé tó kọjá rèé. A ò gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́sẹ̀ yìí. Eré sísá mi wà bó ṣe wà. Gígé mi wà bó ṣe wà. Kò sí ìkankan tó yí padà nínú márààrún, àpapọ̀ wá gòkè. Ti Qasim náà, ẹ wò ó, kò sí èyí tó yí, àpapọ̀ já wálẹ̀." Ó yíjú. "Mo mọ ẹsẹ̀ ara mi. Mi ò tó Qasim. Rẹ̀mí, kí lo ṣe sí ìwọ̀n?"

Gbogbo fóònù jáde. Kò sí ẹni tí kò ní fọ́tò tirẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wíńgì ló ti yí padà.

"Wíńgì òde òní…" Olúrẹ̀mí bẹ̀rẹ̀.

"Ta lo bá sọ ọ́?" kóòṣì bi í. "Ìgbà wo la fẹnu kò lé e?"

Bàdírù ti rí ẹni tuntun tí yóò gbógun tì. "Ó ti yé mi. Òun àti Gideon jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni! Wọn ò fẹ́ kí mùsùlùmí lọ!"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Jos mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn lè gbé àdúgbò dé. Àwọn méjì kan ti ń bọ́ aago ọwọ́.

Qasim gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́ fún un. Kò sọ Hausa. Yorùbá tí òun àti Rẹ̀mí fi ń parí ìjà ló sọ.

"Rẹ̀mí. Ṣé torí ìsìn ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹnìkan bẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o."

"Kí ni mo wá fi ṣe ẹ́?"

Omi ti dé ojú Olúrẹ̀mí. Ó wo gbogbo wọn, ó wo ilẹ̀. "O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Mi ò fẹ́ kó o lọ ni. Bó o bá lọ, kò sẹ́ni tó kù fún mi."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Bàdírù ní, "Haba! Ìyàwó ẹ ni?" Ẹ̀rín gba gbogbo pálọ̀ kan. Olúrẹ̀mí sọ fún mi pé kí wọ́n ti na òun ni ì bá sàn.

Qasim nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "O ò bi mí léèrè," ó ní. "Mo ní wàá gbọ́ ní Sátidé, o ò dúró gbọ́ ọ." Ó lọ síbi tábìlì, ó mú ike ìyá rẹ̀, ó sì jáde.

Kóòṣì mú kí Olúrẹ̀mí dá ìwọ̀n padà lójú gbogbo ènìyàn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tún yọ. Ó fi orúkọ Qasim ránṣẹ́, ó sì pe Adéfúnmi lórí fóònù níbẹ̀ náà, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìfigbá kan bọ̀kan nínú.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Olúrẹ̀mí ń pe Qasim, Qasim ò gbé e. Nígbà tó gbọ́ pé ọjọ́ ìrìn-àjò ti pé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Angwan Rukuba láàárọ̀ kùtù. Ó bá Àlàájà Safiyyah níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Dìde. Ó ti lọ," ìyá náà ní. "Ìrun àsùbáà ló kí, ó sì lọ sí ibùdókọ̀."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, mà."

Obìnrin náà wọn aṣọ tán, oníbàárà gbà á, ó lọ. Àlàájà wá ká okùn ìwọnṣọ rẹ̀ mọ́wọ́. "Èmi tí mò ń tajà yìí, bí mo bá fi ìka kan jí aṣọ wọ̀n fún ẹnìkan lónìí, ta ló máa tún dúró kí n wọn tirẹ̀? Rẹ̀mí, ṣé o mọ ibi tí Qasim wà ní Jímọ̀ tí kò wá sọ́dọ̀ rẹ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Bukuru ló wà, nílé kóòṣì. Wọ́n ń bá ọkùnrin Abẹ́òkúta yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Torí tìẹ ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló ń ṣe máàkì yìí, pé àwọn ará Abẹ́òkúta nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó dáa, àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ṣe é fún àwọn níbẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa bọ̀. Ọmọ mi délé, kò lè jẹun, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, 'Màmá, a jọ ń lọ ni.'"

Olúrẹ̀mí fi ọwọ́ bo ojú.

"Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Sátidé," ìyá náà ní, "ọkùnrin yẹn ní òun ò lè gba ẹni tó ń yí ìwọ̀n. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi?"

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Àlàájà pè é padà. Ó gbé ike máásà lé e lọ́wọ́. "Gbà. Mo dín in bí mo ṣe máa ń dín in. Mo gbàgbé pé ẹni tó ń gbé e lọ ò sí mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, bó bá ṣe ìwọ ni, ṣé wàá lè jẹ ẹ́? Ó jẹ ẹ́. Ó ní òun jẹ gbogbo rẹ̀ tán nínú kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ẹkún.

Kò sẹ́ni tó ń wá wo máàkì ní Sátidé mọ́. Kóòṣì Matthias ti padà sí fífi ẹnu yàn, wọ́n sì ti padà sí ìjà wọn: ẹ̀yà, ìsìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ gbà gbọ́ ní àdúgbò yẹn ti bàjẹ́, ẹnìkan ló bà á jẹ́, torí pé ó ń bẹ̀rù láti dá wà. Ó sì wá dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀rẹ́ bá ń gòkè, tí àyà rẹ ń já, sọ fún un. Ẹnu nìkan ló ń ná ọ.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Qasim lọ, fóònù dún.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" bàbá bèèrè.

Olúrẹ̀mí wo pálọ̀. Páàdì géèmù méjèèjì wà lórí àga, bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ó fẹ́ purọ́. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Èmi nìkan ni, sà."

Baba ní ṣé kò sí wàhálà, ó ní kó má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ìyá rẹ̀, tí kò gbọ́ ohun tó sọ, pariwo láti ẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe: "Bá mi kí Qasim o!"

"Ó máa gbọ́, mà."

Ó sì jíṣẹ́. Ó kọ ọ́ sí Qasim lórí Wásáàpù: "Màmá ní kí n kí ọ." Kò kọ nǹkan mìíràn kún un. Ó jókòó, ó ń wò ó títí àmì méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi yí padà di búlúù. Qasim ti kà á. Títí di ọjọ́ tí Olúrẹ̀mí ń sọ ọ́ fún mi, kò tíì fèsì.